Kúínínì inú kúfẹ́ẹ̀tì: bí mo ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ láàbù, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fi ẹ̀rọ flọrẹ́sẹ́ǹsì wọn kúínínì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ kan sí nǹkan, tó sì ń ka ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí nǹkan náà bá tàn padà. Kúfẹ́ẹ̀tì ni ìgò kékeré tí à ń da nǹkan náà sí kí a tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ àṣejáde mi dá lórí àgbo ibà tí wọ́n ń tà nínú ike. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kan ń lọ kúínínì oníhóró mọ́ ọn. Kí n tó dé orí àgbo, mo ní kí n kọ́kọ́ fi omi tọ́níìkì inú ìgò dán ọwọ́ mi wò, nítorí kúínínì ló ń mú un korò.

Mo po sítáńdáàdì (omi tí a mọ iye nǹkan inú rẹ̀) kúínínì sọ́fééètì mẹ́fà sínú ásíìdì súfúríìkì 0.05 M: 0.5, 1, 5, 10, 50 àti 100 ppm (mílígíráàmù nínú lítà kan). Mo tan ìmọ́lẹ̀ 350 nm (nanomita, òṣùwọ̀n ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) sí wọn, mo sì ń kà á ní 450 nm. Láti 0.5 dé 5, ìlà gíráàfù ń gùn tààrà. Ní 10, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ní 50, ó ti ya kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Èyí tó dà mí lọ́kàn rú jù ni pé iye tí ẹ̀rọ kà fún 100 kéré sí ti 50. Báwo ni ìlọ́po méjì nǹkan ṣe máa tàn tí kò ní tó ìdajì rẹ̀?

Ìṣòro kejì ni tọ́níìkì fúnra rẹ̀. Mo là á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, mo kà á, ohun tí mo rí kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí mo ń retí. Ìkẹta, tí mo bá ka sáńpù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, iye rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n gbé èsì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá_Láàbù

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kò tíì bàjẹ́. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ní, dá mi lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan mìíràn. Kí lo fi la tọ́níìkì yẹn? Irú kúfẹ́ẹ̀tì wo lò ń lò? Tí o bá tan ẹ̀rọ, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Ṣé o ti gbé 100 ppm yẹn sínú ẹ̀rọ absorbance, èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó, rí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ásíìdì súfúríìkì tán lẹ́yìn tí mo po sítáńdáàdì, haidirokilóríìkì 0.1 M ló kù lórí tábìlì, òun ni mo fi la tọ́níìkì. Mo rò pé ásíìdì ni ásíìdì. Kúfẹ́ẹ̀tì oníke ni, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń jù nù, àmọ́ à máa ń fọ̀ ọ́ nítorí ó wọ́n. Tí kọ̀ǹpútà bá ti dá ẹ̀rọ mọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Nípa ti absorbance, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n nísinsìnyí: ní 350 nm, 100 ppm fún mi ní 1.45, 10 ppm sì fún mi ní 0.15.

Apòògùn_Abẹ́òkúta

Àbúrò, haidirokilóríìkì yẹn ló pa tọ́níìkì rẹ. Kilóráìdì wà nínú rẹ̀, kilóráìdì sì ni ọ̀tá ìmọ́lẹ̀ kúínínì. Tí kúínínì bá ti gbé ìmọ́lẹ̀ 350 nm mì, agbára wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí 20 nanosecond kí ó tó tu ú jáde bíi búlúù. Láàárín ìgbà kúkúrú yẹn, tí kilóráìdì bá fara kàn án, agbára náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìtan rárá. Kúínínì ṣì wà níbẹ̀ digbí. Tí o bá wọn absorbance rẹ̀, kò ní sí àyípadà tó ṣe gúnmọ́. Òkùnkùn ló kàn wọ̀ ọ́. Bromide àti iodide náà ń ṣe irú ẹ̀.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Wá tọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó ayédèrú wò. Bu sítáńdáàdì 10 ppm rẹ sínú túùbù méjì, pa iná yàrá, tan tọ́ọ̀ṣì náà sí méjèèjì. Búlúù ni wàá rí, bí ojú ọ̀run ní àárọ̀ kùtù. Wá fi orí ìka bu iyọ̀ obẹ̀ díẹ̀, tí kilóráìdì wà nínú òun náà, sínú ọ̀kan, kí o mì í. Kí iyọ̀ náà tó yọ́ tán, búlúù yẹn á ti máa ṣá lójú rẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò nídìí tábìlì.

Nítorí náà, ásíìdì tó wà nínú sítáńdáàdì gan-an ni kó wà nínú sáńpù, ìwọ̀n kan náà, láti inú ìgò kan náà tó bá ṣeé ṣe. Kí bíláńkì, ìyẹn èyí tí kò sí kúínínì nínú rẹ̀ tí o fi ń ṣe àfiwéra, náà jẹ́ ásíìdì yẹn.

Nǹkan kejì tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ: o ní kúínínì sọ́fééètì lo wọ̀n. Tó bá jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, tí omi méjì wà lára rẹ̀, ìdá 83 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ni kúínínì gidi, ìyókù jẹ́ sọ́fééètì àti omi. Èyí tí o pè ní 1 ppm, 0.83 ppm kúínínì ló wà níbẹ̀. Wo ara ìgò náà dáadáa kí o tó ṣe ìṣirò. Mo ti rí iṣẹ́ àṣejáde tó fi gbogbo ẹ̀rọ ṣe dáadáa, tó wá ṣì í níbi ìṣirò yìí.

Ẹ̀gbọ́n_Glasgow

Ẹ kú iṣẹ́ o. Apòògùn ti yanjú ti tọ́níìkì. Ẹ jẹ́ kí n mú ti 50 àti 100 ppm, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú mi lórí yá jù nínú iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1845, John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé omi kúínínì mọ́ gaara bí omi òjò, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ràn sí i, búlúù kan ń tàn ní ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ orí wàrà. Ó tún rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti gba inú omi kúínínì kan kọjá kò lè mú kí omi kúínínì kejì tan búlúù náà mọ́. Ọdún 1852 ni George Stokes wá là á yé aráyé pé ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè fojú rí ni kúínínì ń gbé mì, tó sì ń tu jáde ní àwọ̀ tí ojú wa lè rí. Òun náà ló fún un ní orúkọ flọrẹ́sẹ́ǹsì.

Ohun tí Herschel rí lójú omi yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kúfẹ́ẹ̀tì rẹ. Gba tọ́ọ̀ṣì Apòògùn, tàn án sí ẹ̀gbẹ́ kúfẹ́ẹ̀tì 100 ppm. Wàá rí i pé ara ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé ni búlúù náà ti kúnjọ, àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣókùnkùn. Tan án sí 1 ppm: búlúù náà kò le tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó lọ láti ògiri kan dé ògiri kejì láìdínkù. Wàyí o, ibo ni ojú ẹ̀rọ rẹ ń wò? Àárín gbùngbùn kúfẹ́ẹ̀tì ni, láti ẹ̀gbẹ́. Bí absorbance bá jẹ́ 1.45, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé àárín kò ju nǹkan bí 19 lọ nínú 100. Àwọn kúínínì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti gbé ìyókù mì. Wọ́n ń tàn níbẹ̀, kò kàn sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí 100 fi kéré sí 50. Ẹ̀rọ rẹ kò purọ́, ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kà.

Tí absorbance kò bá ga púpọ̀, a lè ṣe àtúnṣe rẹ̀ fún kúfẹ́ẹ̀tì 1 cm báyìí:

iye tòótọ́ = iye tí ẹ̀rọ kà × 10^((A350 + A450) ÷ 2)

A350 ni absorbance ní 350 nm, A450 sì ni ti 450 nm. Kúínínì kì í gbé 450 nm mì, nítorí náà A450 rẹ̀ jẹ́ 0. Fún 10 ppm rẹ, 10^(0.15 ÷ 2) jẹ́ 1.19. Ìyẹn ni pé níbi tí ẹ̀rọ kà 100, 119 ló yẹ kó jẹ́. Ibẹ̀ ni ìlà rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ṣé o rí i?

Ìyá_Láàbù

Ẹ̀gbọ́n Glasgow, ẹ ṣé, àlàyé yín dùn mọ́ mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀ lórí ìṣirò yẹn. Ìṣirò náà gbà pé àárín gbùngbùn kúfẹ́ẹ̀tì gan-an ni ojú ẹ̀rọ ń wò, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe rí. Mo ti lo ẹ̀rọ kan tí ẹni tó gbé ibi ìjókòó kúfẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà kò gbé e bọ́ sáàárín dáadáa. Ìṣirò yìí kò bá tirẹ̀ mu rárá, ó sì pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Kò sí àtúnṣe tó dà bí omi. Là á! Kí absorbance má kọjá 0.05, tàbí 0.1 tó bá le gan-an. Àbúrò, fi 50 àti 100 sílẹ̀ pátápátá. Po sítáńdáàdì 0.1, 0.2, 0.5, 1 àti 2 ppm, kí o sì la tọ́níìkì títí yóò fi bọ́ sáàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n_Glasgow

Mo gba tiyín, mà. Fún kúínínì tó ṣeé là, ẹ là á. Ìṣirò yẹn wúlò fún ẹni tí sáńpù rẹ̀ kò ṣeé là, bíi èyí tí nǹkan tó ń wá kéré jọjọ nínú omi tó ní àwọ̀. Àgbo máa gbé irú ẹ̀ wá, a ó dé ibẹ̀.

Alátùnúnṣe_Ẹ̀rọ

Mo ń tún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe láti Èkó dé Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti iye tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Gílóòbù xenon kì í jókòó bó bá ṣe tàn. Fún un ní ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Láàárín ìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí, iye rẹ náà á sì máa bá a yí. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ojú kejì tó ń ṣọ́ gílóòbù, tó ń fi iye gílóòbù pín iye sáńpù. Wá ibi tí wọ́n ti ń yàn án lórí kọ̀ǹpútà, kí o sì yàn án. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo bá pàdé kò mọ̀ pé ó wà. Tí tìrẹ bá jẹ́ gílóòbù xenon tó ń ṣẹ́jú pìrìpìrì, ti ìṣẹ́jú 30 kò fi bẹ́ẹ̀ kàn ọ́.

Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, má ṣe tan gílóòbù tó ṣì gbóná padà lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó tutù ná. Iná ńlá tó fi ń gbéra lè ba gílóòbù náà jẹ́, ó sì lè kọ lu kọ̀ǹpútà. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, gílóòbù la kọ́kọ́ máa ń tàn kí a tó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tó bá ń ti orí iná ìjọba bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ láìsí UPS láàárín, èmi kì í fọkàn tán iye tó bá kà nínú wákàtí àkọ́kọ́. Bí ìyípadà yẹn bá sì ti ṣẹlẹ̀, tún sítáńdáàdì kan kà kí o tó tẹ̀síwájú.

Kí ẹ wá ṣe èyí fún mi láràárọ̀. Ẹ da omi mímọ́ sínú kúfẹ́ẹ̀tì, omi tí wọ́n yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Ẹ tan 350 nm sí i, ẹ sì ka láti 370 dé 430. Ẹ ó rí òkè kékeré kan ní nǹkan bí 397 nm. Raman omi nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ tí omi fúnra rẹ̀ tú ká, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ kọ gíga rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti fífẹ̀ slit, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ. Omi ni omi, ní Ìbàdàn tàbí ní Tókíò. Tí òkè yẹn bá ń kúrú láti oṣù dé oṣù, gílóòbù ti ń darúgbó tàbí dígí inú ẹ̀rọ ti dọ̀tí. Tí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì bóyá òkè kan jẹ́ Raman tàbí flọrẹ́sẹ́ǹsì, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ àtiwọlé kúrò ní 350 lọ sí 340. Raman á tẹ̀lé e, á bọ́ sí nǹkan bí 384. Flọrẹ́sẹ́ǹsì kì í kúrò ní àyè rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí òkè tó bá yọ ní 700 nm dẹ́rù bà yín. Ìmọ́lẹ̀ 350 yẹn ni, tó tún gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ní ìlọ́po méjì ìgùn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, orí mi ti wú. Mo ti rí súfúríìkì yá lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní yàrá kejì. Mo ti ṣe ti iyọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ mi méjì ló wà níbẹ̀, gbogbo wa la pariwo! Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kúfẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ìyá_Láàbù

Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Kúfẹ́ẹ̀tì oníke lásán ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìmọ́lẹ̀ mì láti nǹkan bí 340 nm lọ sísàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń tàn díẹ̀. Ní 350, etí bèbè lo wà. Tí kúfẹ́ẹ̀tì quartz, irú dígí tí kì í gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn mì, bá wà ní ẹ̀ka yín, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá ọ. Kí ó jẹ́ èyí tí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ti absorbance tí ojú méjì rẹ̀ rí bàìbàì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni ojú ẹ̀rọ ti ń wò ó. Kúfẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí o lò fún gbogbo kíkà, kí o fi lẹ́ẹ̀dì ṣe àmì kékeré sí orí rẹ̀, kí àmì náà sì máa kọjú síbì kan náà nígbàkúùgbà.

Igun rẹ̀ ni kí o máa dì mú, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Òróró ọwọ́ ń tàn lábẹ́ UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí. Má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ láé, nítorí inú púpọ̀ nínú wọn ni èròjà tó ń mú aṣọ funfun tàn wà, flọrẹ́sẹ́ǹsì búlúù sì ni èròjà náà ń ṣe, ní agbègbè ibi tí o ti ń ka kúínínì gan-an. Tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sí ọṣẹ oníyẹ̀fun nínú abọ́ kan, wàá rí ohun tí mò ń wí. Tíṣù funfun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi fọ́nrán sílẹ̀. Bébà tí wọ́n fi ń nu dígí kámẹ́rà ni kí o lò. Tí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ quartz, rẹ ẹ́ sínú ásíìdì náítíríìkì tí o ti là, kí o wá fi omi mímọ́ ṣan án dáadáa. Kí o tó ka sáńpù kọ̀ọ̀kan, fi sáńpù yẹn gan-an ṣan kúfẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, kí o dà á nù, kí o tó wá da èyí tí o máa kà. Láti èyí tó kéré jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí èyí tó pọ̀ jù.

Tọ́níìkì ní ìhó. Dà á sínú bíkà, máa rò ó títí gáàsì inú rẹ̀ á fi jáde kí o tó fi pìpẹ́ẹ̀tì fà á. Bí ìhó kan bá dúró lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ nínú kúfẹ́ẹ̀tì, iye rẹ á fò sókè lójijì.

Àwọn sítáńdáàdì kékeré yẹn, àárọ̀ ọjọ́ tí o máa lò wọ́n ni kí o pò wọ́n. Nǹkan tó kéré bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, tí 0.1 ppm àná kò ní jẹ́ 0.1 ppm mọ́ lónìí. Fi fóìlì bò wọ́n.

Ọmọ_DNA

Kúínínì kọ́ ni tèmi, DNA ni mò ń wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń lo túùbù 0.5 mL, àmọ́ ohun tó ṣe mí lè ṣe ẹlòmíràn. Fún oṣù kan gbáko, iye tí mo ń rí kì í bára mu. Mo fi sùn kítì, mo fi sùn ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ni! Mo máa ń di túùbù mú nínú àtẹ́lẹwọ́ bí mo ṣe ń dúró de kíkà, ó sì ń gbóná. Bí nǹkan tó ń tàn bá ṣe ń gbóná ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dínkù. Fún rhodamine B, aró kan tó ń tàn, nǹkan bí 2 nínú 100 ló ń dínkù fún degree Celsius kan. Ẹ wá ronú sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kú láàárọ̀ tó sì jí lọ́sàn-án. Kúínínì kì í ṣe é tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí sítáńdáàdì àti sáńpù jókòó pọ̀ lórí tábìlì kan náà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó kà wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ń kọ nọ́ńbà sí ara túùbù, lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Orí ìdérí ni kí ẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ń fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 1 µL. Omi tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì nìkan lè ba ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lo 5 µL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara tù mí. Àwọn tó ń lo àwo oníhò 96, ẹ ra dúdú. Funfun ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ihò kan yọjú sí ìkejì.

Alátùnúnṣe_Ẹ̀rọ

Ọmọ DNA sọ òótọ́. Kí n fi kún un: ẹ pa ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ láàárín kíkà kan àti èkejì. Sáńpù tí ẹ gbé sójú ìmọ́lẹ̀ láìdáwọ́ dúró ń ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń jẹ́ kí iye máa sọ̀, ẹ da sáńpù tuntun látinú ìgò rẹ̀. Bí iye bá padà sókè, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ sáńpù. Bí kò bá padà, ẹ wo gílóòbù tàbí bí yàrá ṣe gbóná tó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Quartz ni mo yá. Mo jẹ́ kí gílóòbù jókòó fún ìṣẹ́jú 40. Sítáńdáàdì 0.1 dé 2 ppm, gbogbo rẹ̀ nínú súfúríìkì 0.05 M, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, mo sì yọ bíláńkì kúrò. Ìlà náà gún bí ọ̀pá! Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí mo ka 1 ppm, wọn kò fi nǹkan kan ta yọ ara wọn. Tọ́níìkì tí mo là ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún fún mi ní 0.72 ppm sọ́fééètì. Mo sọ ọ́ di kúínínì gidi bí Apòògùn ṣe wí, ó jẹ́ nǹkan bí 0.6, ìyẹn 60 ppm nínú ìgò.

Àmọ́ àgbo, háà! Mo la àgbo àkọ́kọ́ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó ṣì pọ́n bíi tíì. Ẹ̀rọ ka iye ńlá. Ṣé kúínínì ti wà níbẹ̀ nìyẹn?

Apòògùn_Abẹ́òkúta

O ṣe iṣẹ́ takuntakun. 60 ppm yẹn bọ́gbọ́n mu: òfin Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, kò gbà kí kúínínì inú irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ kọjá 83 ppm.

Fún ti àgbo, má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé o rí kúínínì. Orúkọ ọlọ́jà wà ńbẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ewé àti èèpo igi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tó ń tàn fúnra wọn lábẹ́ UV. Iye kan ṣoṣo ní 450 nm kò lè sọ ẹni tó tàn án. Ka gbogbo rẹ̀ láti 370 dé 600, kí o gbé e lé orí ti sítáńdáàdì. Ibo ni òkè tirẹ̀ wà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Ti kúínínì dúró ní 450 gẹ́lẹ́. Ti àgbo gbòòrò, òkè rẹ̀ sì fì sí apá 500.

Apòògùn_Abẹ́òkúta

Nígbà náà, ohun tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe kúínínì. Bóyá kúínínì díẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, bóyá kò sí. Ọ̀nà méjì ni kí o gbà pọ̀.

Ọ̀kan: bu ìwọ̀n àgbo kan náà sínú ìgò márùn-ún. Má fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́. Fi kúínínì tí o mọ iye rẹ̀ sí àwọn yòókù, kó máa pọ̀ sí i láti ọ̀kan dé èkejì, kí o sì fi súfúríìkì kún gbogbo wọn dé ojú àmì kan náà. Ká ní èyí tí kò sí àfikún nínú rẹ̀ ka 60, èyí tí o fi 0.5 ppm kún ka 90. 30 ni 0.5 ppm mú wá, ìyẹn 60 fún 1 ppm, nítorí náà 1 ppm ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká sọ pé nínú ásíìdì lásán, 1 ppm ń ka 100. Bó bá jẹ́ ìlà ásíìdì lásán lo lò, 0.6 ni ìbá sọ fún ọ. Àwọ̀ pípọ́n àgbo àti iyọ̀ inú rẹ̀ ló jẹ ìyókù. Báyìí ni a ṣe ń gbà á padà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ọ̀nà yìí ń tún ohun tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ kúínínì ṣe, kò lè yọ ìmọ́lẹ̀ tí ewé mú wá kúrò. Nínú àpẹẹrẹ mi yẹn, bí ó bá jẹ́ pé ewé ló tan gbogbo 60 àkọ́kọ́, 1 ppm ṣì ni ìṣirò á sọ, bẹ́ẹ̀ kúínínì kankan kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà kejì di dandan: kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí HPLC, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya èròjà sọ́tọ̀, kò bá sí, TLC, ìyẹn yíya wọn sọ́tọ̀ lórí àwo pẹlẹbẹ, á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. To ẹ̀kán àgbo àti ẹ̀kán sítáńdáàdì sórí àwo sílíkà kan náà, jẹ́ kí omi tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ gòkè lórí rẹ̀, wọ́n súfúríìkì tí o ti là sí i, kí o wò ó lábẹ́ UV 365 nm. Bí búlúù bá yọ ní ìpele kan náà pẹ̀lú sítáńdáàdì, o ti ní ohun tí o lè lépa. Quinidine, tó jẹ́ ìbejì kúínínì, ń tàn bí òun gan-an, má gbàgbé rẹ̀.

Tí ẹni tó se àgbo bá fi káún sí i, wo pH lẹ́yìn tí o fi ásíìdì là á. Káún lè jẹ ásíìdì rẹ tán láìjẹ́ kí o mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Glasgow

Ibí yìí gan-an ni mo ní àgbo máa gbé wa dé. Àbúrò, wọn absorbance àgbo tí o là yẹn ní 350 àti ní 450. Ní tìrẹ yìí, A450 kò ní jẹ́ 0, nítorí àwọ̀ pípọ́n ń gbé búlúù mì bó ṣe ń jáde lọ. Bí o bá rí i pé àpapọ̀ méjèèjì pọ̀, tún un là lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ìdáhùn tí o ṣírò padà sí inú àgbo gangan kò bá yí bí o ṣe ń là á, o ti bọ́. Bí ó bá ń ga sí i bí o ṣe ń là á, nǹkan ṣì ń jẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

A350 jẹ́ 0.62, A450 jẹ́ 0.2. Mo ti là á ní ìlọ́po mẹ́rin sí i, mo sì ti to àwo TLC. Ọ̀gá mi fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i nígbà tí mo fi gíráàfù tuntun hàn án. Ìgò márùn-ún ti wà lórí tábìlì, mo ti fi fóìlì wé wọn, àárọ̀ ọ̀la ni màá kà wọ́n.

Ìyá_Láàbù

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí o tó pa ẹ̀rọ lálẹ́ yìí, ṣé o ti ka Raman omi?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Mo ti kà á, mà. 397. Gíga rẹ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti fífẹ̀ slit.